Ọjọ́ Tí Màmá Fọ́ Ẹyin Sínú Marúgbó

Òórùn ẹja gbígbẹ àti ìgbẹ́ adìyẹ ló máa ń pàdé èèyàn lórí afárá pákó tó wọ ilé wa létí òkun. Orí òpó ni ilé náà dúró sí. Pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni màmá mi fi kan ilé adìyẹ sẹ́yìnkùlé, ó sì fi àwọ̀n tó ti ya yí i ká. N kò rí i kí ọ̀kan jábọ́ sómi rí. Àwọn adìyẹ yẹn gbọ́n ju àlejò tó wá láti òkè lọ.

Màmá kì í jẹ́ ká jẹ ẹyin. "Ẹyin ní ń di àkùkọ," ni yóò wí. Bó bá ṣì ń wù wá jẹ, á fi kún un pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Bí a ṣe dàgbà nìyẹn, ẹyin kún ilé, ẹja là ń jẹ.

Lọ́dún tí òkun gbé ilé ìdáná wa lọ, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti ń gbé ní Igbókòdá, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bàbá ti kú. Gbogbo ìgbà tí a bá wọkọ̀ lọ bẹ màmá pé kó tẹ̀ lé wa, ó ní adìyẹ òun ń yé, ta ní í fi ẹyin sílẹ̀? Ẹyin sì ń pọ̀ sí i lóòótọ́. Adìyẹ kan ṣoṣo ló ń sàba, àwọn yòókù kàn ń yé ṣáá, igbá kún, agbọ̀n kún, ó ń kó wọn sábẹ́ ibùsùn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: bí òjò bá ṣú ní Igbókòdá, oorun kì í kùn wá, mo sì mọ̀ pé òun náà kì í sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a tún débẹ̀, omi ti wó ìdajì ilé adìyẹ. Màmá jókòó ti sítóòfù, ìkòkò marúgbó ń hó lórí rẹ̀. Òkun ti ń ru láti ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó rí ẹja pa. Ẹyin ló ń fọ́ sínú ọbẹ̀ dúdú náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

Alhaja tó ń ta epo nílé kejì yọjú. "Ẹ gbà mí o! Marúgbó ẹlẹ́yin kẹ̀? Ibo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Lọ gbé àwo rẹ wá," ni màmá dá a lóhùn. "Òkun ti jẹ tirẹ̀, ó ku tiwa."

Àbúrò mi fẹ́ béèrè ìgbà tí a óò lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹyin tó ní òun kò lè fi sílẹ̀ ló ń fọ́ yìí, ṣé ó ṣì ku ìbéèrè ni?

A fi púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, jẹ ẹ́, àwa àti gbogbo aládùúgbò tó ṣẹ́ kù. Omijé ń dà lójú mi, mo ní ata ni. Lẹ́yìn náà, a di adìyẹ yòókù sínú àgò. Màmá gbé èyí tó ń sàba pẹ̀lú ẹyin abẹ́ rẹ̀ sínú agbọ̀n ẹja, ó gbé e lé itan, ó sì fi ìborùn bò ó. Títí a fi dé èbúté Igbókòdá ló ń pariwo mọ́ awakọ̀ pé, "Rọra o, ọmọ ń bẹ nínú ọkọ̀!"

Omi ni ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀ dà báyìí, wọ́n ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀. Màmá náà ti bá bàbá lọ. Ìran adìyẹ inú agbọ̀n yẹn ló ń yé lẹ́yìnkùlé mi, àwọn ọmọ mi sì ń jẹ ẹyin bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ ìró ẹyin tí wọ́n ń fọ́ létí àwo kí àyà mi má já. Ilé rẹ̀ ni màmá ń fọ́ sínú ìkòkò lọ́jọ́ náà, ó sì bù ú fún wa jẹ, kí òkun má baà jẹ gbogbo rẹ̀ tán.