Ìwọ̀n Yàrá Yèyé Mi

Ìgbà kan wà tí inú mi máa ń dùn bí mo bá ti mú téèpù lọ́wọ́. Tíṣà ni mí ní Àrámọkọ nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ́tótó, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́ tí ènìyàn kò lè wọ̀n kí ó sì tún un ṣe. Òmùgọ̀ ni mí, n kò kàn tíì mọ̀ ni.

Jìgá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Amọ̀ ni ilẹ̀ yàrá Yèyé mi ní Ìpótì, ẹlẹ́bọ́tọ ni wọ́n fi ń pa á. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, jìgá á jáde láti inú ilẹ̀ náà, á wọ̀ wọ́n lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ìsinmi Kérésìmesì, mo fi abẹ́rẹ́ yọ mọ́kànlá lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Èmi ń sunkún, àwọn ń rẹ́rìn-ín. Mo búra pé n ó fi síméńtì rẹ́ ilẹ̀ náà kí ọlidé tó parí.

Lọ́jọ́ kejì mo wọn yàrá náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ìbú rẹ̀ mẹ́wàá. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé lọ́wọ́ nígbà tí Yèyé bi mí láti ẹnu ọ̀nà pé:

"Ibo lo yọ sílẹ̀ fún mi?"

Wọ́n tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Abẹ́ ibẹ̀ ni a sin Bàbá mi sí nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí nílùú wa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Yèyé ń tẹ́ ẹní sí láti ọjọ́ náà.

"Bàbá rẹ ti gba tirẹ̀," ni wọ́n wí. "Èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tèmi ni. Rẹ́ gbogbo ulé yìí bó bá wù ọ́, má ṣáà fọwọ́ kan ibi tèmi."

Inú bí mi. "Yèyé, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gun òkè lọ sóko kòkó! Ẹ yéé pe ikú."

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sùn gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n káwọ́ lé àyà. "Wọ̀n mí, Tíṣà. Ṣebí ùwọ lo ní téèpù."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ká téèpù, mo fà wọ́n dìde, mo ń gbọn eruku lára wọn bí ẹni pé ọmọdé ni wọ́n. Méjìlá lọ́nà mẹ́wàá ni mo gbé fún bíríkìlà, n kò yọ nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé nítorí jìgá ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kí ibì kan wà nínú ilẹ̀ mi tí kò ní dán.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ sóko ni mo mú kí bíríkìlà ṣe é, mo sì ní kó jẹ́ kó nípọn dáadáa. Nígbà tí Yèyé dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé.

"Ṣé ó ṣeé fọ́?"

"Kò lè fọ́ láéláé, Yèyé!" Ìgbéraga ni mo fi sọ ọ́.

"O ṣeun, ọmọ mi."

Wọn ò sùn níbẹ̀ mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí, lórí amọ̀, jìgá sì padà sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo bínú, mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní òtútù síméńtì ń wọ àwọn léegun. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo ra ẹní tó nípọn wá. Wọn ò bá mi jà rí títí wọ́n fi kú ní ọdún kẹta, nígbà òjò.

Orí síméńtì náà ni a tẹ́ wọn sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ránṣẹ́ pe bíríkìlà, ó bi í bóyá a lè fọ́ ibi kékeré kan. Bíríkìlà fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀. "Tíṣà ló ní kó nípọn. Bí a bá fọ́ ibì kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò sán."

Gbogbo wọn wò mí. Ká ní mo sọ pé kí wọ́n fọ́ ọ ni, wọn ì bá fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ti wá kí mi, wọ́n wà ní pálọ̀, ojú sì ń tì mí láti wú síméńtì nínú yàrá lójú wọn. Mo ní kí a gbé Yèyé lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, wọ́n wí. Tèmi kò tilẹ̀ dúró de ẹ̀yìn, nítorí káfíńtà tó fẹ́ kan pósí ránṣẹ́ wá béèrè bí òkú ti gùn tó, ẹ̀gbọ́n mi sì kọjú sí mi: "Ìwọ lo ní téèpù."

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ń dán náà, mo wọ̀n wọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ni. Gbogbo ohun tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ mi nìyẹn.