Ọjọ́ tí Ìṣó Mi Gbé Píìnì ní Yaba

Bí mo tilẹ̀ hu ewú, n kò ní gbàgbé ọjọ́ kẹta tí mo lọ sí kíláàsì físíìsì ìgbà ìsinmi ní Yaba. Láàárọ̀, olùkọ́ bi wá ní iṣẹ́ bàbá wa. Ojú tì mí, mo ní ẹnjiníà ni bàbá mi. Irọ́ ni. Rẹwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ni wọ́n, ní Ládìpọ̀.

Lẹ́yìn náà, olùkọ́ ní kí a wé wáyà kọ́pà mọ́ ìṣó, kí a so ó mọ́ bátìrì, kí ìṣó lè di mágínẹ́ẹ̀tì. A ṣe é títí, ìṣó ẹnikẹ́ni kò gbé píìnì kan. Ni mo bá rántí pé bàbá mi kì í so irú wáyà yẹn láìfi bíléèdì ha ẹnu rẹ̀, torí fáníìṣì ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Mo ha tèmi. Píìnì fò mọ́ ìṣó mi, wọ́n ṣù mọ́ ọn bí oyin! Gbogbo kíláàsì hó yèè.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ni olùkọ́ bi mí.

"Bàbá mi ni, sà. Rẹwáyà ni wọ́n."

"Bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá kọ́ àwa náà lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n sì ra bíléèdì tuntun tó kárí gbogbo wa.