Ẹja Tó Yí Wa Ká Lẹ́ẹ̀mẹta

Sitáàsì ni ẹjọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ló fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, ó wá da sitáàsì sí kọ́là ẹ̀ bí ẹni ń po kọnkéré. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ tán, tí mo de bọ́tìnì ọrùn, mi ò lè wo ọ̀tún, mi ò lè wo òsì. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí, gbogbo ara ni mò ń yí.

Mo ní, "Ìyá ọmọ, ṣé ilé oúnjẹ là ń lọ ni àbí ilé ẹjọ́?"

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ọrùn yín á le lẹ́ẹ̀kan láyé yìí."

Ohun tó ń sọ yé mi. Mo lọ sítáàtì píkọ́ọ̀pù mi.

Ọmọ wa obìnrin, àkọ́bí wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà pé wọ́n mú un nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Òtò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjànikin. Ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa ní Ìmẹ̀kẹ̀, ti lọ bá ẹbí kan sọ̀rọ̀ ní Aràdàgún ní tiẹ̀. Àwọn yẹn ní ọmọkùnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì, wọ́n ń wá ìyàwó fún un. Bàbá pè mí, ó ní, "Ọmọ ẹ ti rí ọkọ." Èmi tí irun àyà mi ti ń funfun, kí ni mo sọ? Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́ nílé. Nígbà tí mo wá sọ ọ́, ọmọ mi wọ yàrá lọ, kò jáde. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn lọ fọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Bàbá tó bí mi lọ́mọ kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí ló gbà mí tọ́. Ó fún mi lóúnjẹ, ó fún mi ní ẹní tí mò ń sùn lé, ó sì mú mi kúrò nílé ìwé. Ó ní kò sí ẹja inú ọ̀sà tó ń bi apẹja ní sátífíkéètì. Òótọ́ ni, ẹja kankan ò bi mí rí. Mo kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo apẹja etí ọ̀sà ju àjẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń ra ẹ́ńjìnnì, mo di ọ̀gá ní Àgbádárìgì. Mo ra píkọ́ọ̀pù. Mo ra aago méjì, mo wọ ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, mo wọ ọ̀kan sí tòsì, wọn ò sì bára wọn mu rí. Ìgbà yẹn ni mo gbé ọmọ mi lé itan, mo ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, màá gbé e lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà.

Owó epo gbẹ. Àwọn apẹja padà sídìí àjẹ̀. Mo ta aago kan, mo ta ìkejì. Ìlérí yẹn nìkan ni mi ò rẹ́ni tà á fún, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ò sì gbàgbé ẹ̀.

Ẹbí kì í jáde kó fi olórí ẹbí sílẹ̀, torí náà a yà mú Bàbá ní Ìmẹ̀kẹ̀. Mo sì ń rò ó pé tí Bàbá bá yó dáadáa, màá rẹ́nu sọ fún un pé ọmọ mi ò lọ sí Aràdàgún. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ní nìyẹn. Ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, ikùn ni ọgbọ́n ẹ̀ ń gbé.

Ní Fẹ́sítákì ni ilé oúnjẹ náà wà. Inú ẹ̀ tutù bí yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Wọ́n mú wa jókòó sídìí tábìlì roboto kan. Tábìlì kékeré míì wà lórí ẹ̀, onígíláàsì, tó ń yí. Bàbá fọwọ́ kàn án, ó yí. Ó fa ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn kíá.

"Kí lèyí ń wá kiri?"

Ọmọ mi ní, "Bàbá àgbà, bí oúnjẹ ṣe máa ń dé iwájú kálukú nìyẹn."

"Níbo lo ti rí i?"

"Inú ìwé ni, sà."

Bàbá wò mí. Kọ́là ò jẹ́ kí n lè yí ọrùn síbi tó wà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ sitáàsì.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì méjì wà níwájú wa. Bàbá mú ọ̀kan, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó rún un. "Orín yìí ò korò rárá. Orín tí kò korò, eyín ta ló fẹ́ fọ̀?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ti há tèmi sẹ́nu.

Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá gbé páálí ńlá kan lé mi lọ́wọ́, orúkọ oúnjẹ ló kún inú ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti kíláàsì kẹrin. Ṣùgbọ́n Bàbá ń wò mí. Mo wúkọ́, mo nàka sí ìlà kan, mo ní, "Èyí. Mẹ́rin."

Ọmọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó sún mọ́ etí mi, ó ní, "Bàámi, ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn."

Mùsùlùmí ni gbogbo wa. Ìka mi sáré bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀.

"Ẹlẹ́dẹ̀ náà ni, sà."

Mo gbé páálí náà fún un. Mo ní, kí Bàbá lè gbọ́, "Gbà, ìwọ náà yàn, kí o fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàn án." Ó kà á látòkè délẹ̀, ó yan ìrẹsì, ó yan edé, ó yan ọbẹ̀ ẹyin, ó tún yan odidi ẹja kan. Bàbá ò fura sí nǹkan kan.

Oúnjẹ dé. Bàbá gbóòórùn ẹja náà, ó fajú ro. "Ṣúgà ni mò ń gbọ́ yìí. Ta ló ń fi ṣúgà se ẹja? Ṣé ara ẹja náà ò yá ni?"

Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ bù. Tí Bàbá ò bá tíì fọwọ́ kan àwo, kí ebi pa yín kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sọ síta: Bàbá kì í jẹ ohun tí kò bá mọ̀. Nílé, ìyàwó ẹ̀ á ti tọ́ ọ wò fún un nídìí ààrò kó tó gbé e jáde. Níbí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń dáná. Bàbá ò bù, torí ẹ̀rù ń bà á. Àwa ò lè bù, torí Bàbá ò tíì bù. Ìyàwó mi wá fi ìka kan ti tábìlì onígíláàsì náà, bóyá Bàbá á mú nǹkan. Ẹja náà rọra kọjá níwájú Bàbá, ó kọjá níwájú mi, ó kọjá níwájú àwọn obìnrin, ó tún padà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí wa ká. Ojú ẹ̀ là kalẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo wa mọ̀ tán.

Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ padà wá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé oúnjẹ wa ò dáa ni?"

Bàbá ní, "Ó dáa. À ń wò ó ni."

Nígbà tí ẹja náà ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ mi gbé ìka lé gíláàsì. Tábìlì dúró. Ó fi ṣíbí gé ẹ̀gbẹ́ ẹja náà, ó bù ú sínú àwo ara ẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó rún un dáadáa, ó gbé e mì. Ó wá rọra ti tábìlì náà títí orí ẹja fi kọjú sí Bàbá.

"Bàbá àgbà, ó dùn. Egungun ẹ̀ ò pọ̀."

Bàbá ò wò ó. Èmi ló kọjú sí. "Ṣé o rí i? Kò tíì dé Òtò, ó ti ń ṣíwájú àgbà bu oúnjẹ. Tó bá wá dé ibẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ òsì ni yóò máa fi júwe ilé bàbá ẹ̀."

"Bàbá àgbà, egungun ni mò ń wò fún yín."

"Èmi? Èmi tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ẹja, ìwọ lo fẹ́ wo egungun fún mi? Mẹkáníìkì, bá ọmọ ẹ wí."

Ìyàwó mi ń wo àwo ẹ̀. Ọmọ mi ń wo èmi, mo sì mọ ohun tó ń retí. "Mo ti gbọ́, sà" ló ń retí. Kọ́là yẹn wá fún mi lọ́rùn bí okùn ewúrẹ́ iléyá. Mo fọwọ́ fà á. Bọ́tìnì já, ó ta sórí gíláàsì, ó yí gbirigbiri lọ dúró sídìí àwo Bàbá.

Mo ní, "Bàbá, mi ò ní bá a wí."

Ohùn tí mo fi sọ ọ́ kéré. Mo tún un sọ, bóyá Bàbá ò gbọ́. Ó ti gbọ́.

"Ọjọ́ Ajé ló ń lọ sí Òtò. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará Aràdàgún kí wọ́n wá ìyàwó lọ síbòmíì."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Mo mú ìwọ náà kúrò nílé ìwé, ṣé ebi pa ẹ́ kú ni?"

"Ebi ò pa mí, sà. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò lè ka páálí tí wọ́n gbé fún mi lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn nàka ni. Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo nàka sí, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ yìí ló kà á tó dá mi dúró. Tí kì í bá ṣe pé ó mọ̀wé, ẹlẹ́dẹ̀ lẹ ò bá máa wò yìí, èmi ni ǹ bá sì bù ú fún yín."

"Ẹlẹ́dẹ̀?"

"Mẹ́rin, sà."

Mi ò tọrọ àforíjì. Mi ò tíì tọrọ ẹ̀ dòní. Mo na ọwọ́ sínú àwo ọmọ mi, mo mú èyí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, mo jẹ àjẹkù ọmọ mi lójú olórí ẹbí. Ṣúgà wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Ìbínú ni mo fi jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Ìyàwó mi, tó jẹ́ Ègùn, tí kì í jìnnà sílé láìmú akàsà, ẹ̀kọ àwọn Ègùn, dání, tú ewé ọ̀kan lábẹ́ tábìlì, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú Bàbá. Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ rí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í gbé oúnjẹ wọlé látìta."

Ìyàwó mi ní, "Oògùn Bàbá ni."

Bàbá fọwọ́ gé akàsà náà, ó fi kan omi ẹja, ó jẹ ẹ́. Ó tún gé e. Kò sọ pé ó dùn, kò sọ pé kò dùn. Orí ẹja náà, ojú ẹ̀ méjèèjì, gbogbo ẹ̀ ló jẹ. Egungun tó kù síbẹ̀ mọ́ bí kọ́ọ̀mù.

A kúrò ní Fẹ́sítákì, a forí lé ilé. Iwájú ló jókòó sí pẹ̀lú mi. Nígbà tí a kọjá níwájú géètì ilé ẹ̀kọ́ ní Òtò, ó yí ọrùn, ó ń wo géètì náà títí ó fi tán lójú wa. A dé Aràdàgún, kò wo ibẹ̀. Ní Ìmẹ̀kẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó kọ́kọ́ to fìlà ẹ̀. Ó wá kiwọ́ bọ àpò, ó mú bọ́tìnì mi jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Tí ọmọ yẹn bá ti Òtò dé," ó ní, "tí kò kúnlẹ̀ kí mi, ìwọ ni màá nà."