Mẹ́sẹ́ńjà Agnes àti ti Bọ́látitó

Obìnrin méjì ló ń gbé ilé olóògbé Adélaní ní Ijapo Estate l'Ákùúrẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láàárín wọn sì tó láti mú aṣọ gbẹ. Agnes ni opó Adélaní, ọmọ Oǹdó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bọ́látitó sì ni àbúrò Adélaní, tó ń fi títẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jẹun. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé Agnes wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Agnes fi ń pe ọmọdé yẹn ní "ọkọ mi", ojoojúmọ́ ló sì ń korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí a kò fọ̀.

Ọdún 2009 ni, ìlú sì le ju àpáta Ìdánrè lọ. Iná ìjọba a wá, a kí wọn, a lọ. Ẹni bá fẹ́ ra bẹntiróòlù á kọ́kọ́ gbàdúrà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, èyí tí Olúgbémiga, ọmọ kan ṣoṣo tí Agnes bí, fi ránṣẹ́ láti Ireland. Mẹ́sẹ́ńjà méjì, ètò tí wọ́n fi ń bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀, ló wà nínú rẹ̀. Aláwọ̀ yẹ́lò ni Agnes fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aláwọ̀ búlúù ni Bọ́látitó fi ń bá Àdúràolúwa, ìyàwó ọmọ náà, ṣòfófó. Bí méjèèjì bá jọ ṣí, kọ̀ǹpútà á dì bí epo pupa láàárọ̀ ọyẹ́. Makirofóònù kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní, èyí tó bá sì kọ́kọ́ gbá a mú kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ fún èkejì.

Nígbà tí Àdúràolúwa wá bí obìnrin, ìjà bọ́ sí gbangba. Ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá Agnes, kó tó kú l'Óǹdó, ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pé kí wọ́n fi orúkọ òun, Olúyẹ́misí, pe ọmọ-ọmọ-ọmọ òun, kí Agnes fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Agnes kò gbà pé orúkọ tí a tẹ̀ jẹ́ orúkọ. Lẹ́tà lásán ni. Bọ́látitó ní tòun, ó ti sọ fún un lójú pé ọmọ Àkúrẹ́ ni ọmọ náà, orúkọ wo ni yóò ti Oǹdó wá?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, bí Bọ́látitó ti jáde, Agnes jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó rí àwòrán búlúù náà lójú rẹ̀, ó wọ́ ọ sínú àpótí ìdọ̀tí, ó sì da àpótí náà nù. Ó kọ orin ìyìn títí àwọn ará ìlú Ìpogun lóhùn-ún fi fẹ́ẹ̀ gbè é. Ó dà bí ẹni tó yọ pátákó lójú ṣọ́ọ̀bù, tó wá gbà pé oníṣọ́ọ̀bù ti kó kúrò nílùú.

Ní aago mẹ́wàá Sátidé, Agnes rọ ìwọ̀nba bẹntiróòlù tó kù sínú jẹnẹrétọ̀, ó sì ṣí yẹ́lò. Ojú Olúgbémiga yọ, èrò kún ẹ̀yìn rẹ̀. Agnes pe orúkọ náà. Ó tún un pè. Ó pariwo rẹ̀ débi pé adìyẹ aládùúgbò fò. Ọmọ rẹ̀ kàn ń mi orí, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni búlúù ti dún. Bọ́látitó yọ láti inú yàrá, ó tẹ nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó sì gba makirofóònù lọ́wọ́ Agnes. Ó pe ọmọ náà ní Ṣìkẹ́mi. Gbogbo Ireland ṣe àmín.

"Ìyàwó, àwòrán lo jù nù," ó wí. "Nǹkan náà wà níbẹ̀. Àtìgbà tí kọ̀ǹpútà ti tàn ló ti di makirofóònù mú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, kí n lè sọ tèmi."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọkọ mi."

"Ulé wa la wà yìí," Bọ́látitó fi èdè Àkúrẹ́ pe ilé. " Báwo ni ìyàwó ṣe ń bẹ ọkọ ní ulé wa?"

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ níta. Agnes mọ ikọ́ náà. Epo ń tán. Ó wo Bọ́látitó, ó ro ohun tí òun ìbá fi ẹnu obìnrin náà ṣe, ó sì ro ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, eékún méjèèjì, lórí sìmẹ́ńtì.

Bọ́látitó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ kó tó pa búlúù. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni Agnes ti pe Olúyẹ́misí. Ó sọ ẹni tí Olúyẹ́misí jẹ́, ó wúre, ó sì ń wúre lọ. Olúgbémiga pè é tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn èrò gbè é. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ kú.

Agnes dìde. Ó yọ wáyà kọ̀ọ̀kan, ó di kọ̀ǹpútà sínú páálí, ó sì ti módẹ́ẹ̀mù íńtánẹ́ẹ̀tì bọ àpò.

"Níbo lò ń gbé e lọ?" ni Bọ́látitó bi í.

"Yàgò lọ́nà, Bọ́látitó."

Ẹnikẹ́ni kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Nínú ọkọ̀ Oǹdó, awakọ̀ ní kí màmá jẹ́ kí òun gbé páálí náà sí búùtù. Orí itan ara rẹ̀ ni Agnes gbé e sí, tòun ti eékún tó bó, títí wọ́n fi kọjá Bọ́lọ́rundúró tí wọ́n sì wọ ìlú Oǹdó. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí iná ti lọ ní agboolé bàbá rẹ̀. Ó gbé páálí náà kalẹ̀ sínú yàrá ìyá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò lọ kó aṣọ òun l'Ákùúrẹ́.