Bínà Kì Í Ṣe Abéní

Orí erékùṣù kan létí òkun South Carolina ni wọ́n bí Jasmine sí, láàárín àwọn Gullah, àtọmọdọ́mọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá gbin ìrẹsì níbẹ̀. Ìyá-àgbà rẹ̀ tó ń fi koríko hun agbọ̀n ló tọ́ ọ dàgbà. Bínà ni gbogbo ilé ń pe ìyá náà. Ẹni tó bí ìyá ìyá-àgbà yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn.

Adétòkunbọ̀, ẹnjiníà kan ní Westchase, ni Jasmine fẹ́. Cypress tí kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Láti ìgbà ìgbéyàwó ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń wí fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn akátá bíi Jasmine kò ní àṣà. Yorùbá tí Jasmine gbọ́ ju èyí tí ìyá náà rò lọ, ó kàn ń gbé ọ̀rọ̀ mì ni.

Nígbà tó bí obìnrin, ó ní Bínà ni yóò máa jẹ́.

Ìyá ọkọ bú sẹ́rìn-ín. "Bínà? Ṣé iná ni àbí ìbínú?"

"Orúkọ ìyá-àgbà mi ni, mà. Láti Áfíríkà ló ti wá."

Ojú ìyá náà là. "Háà! Abéní ni! Òyìnbó ló bà á jẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Abéní lọmọ wa."

"Rárá, mà. Bínà ni."

"Èmi tí mo ni èdè lo fẹ́ kọ́?"

Adétòkunbọ̀ ní, "Jẹ́ ó lọ, jàre. Ọ̀kan náà ni."

Èyí ló dun Jasmine jù. Lánàá, àwọn èèyàn rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Lónìí, èyí tí wọ́n ní ti di ti ìyá ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, pásítọ̀ gbé ọmọ sókè. "Abéní!" Ìjọ ṣe àmín. Jasmine dìde, ó gba makirofóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bínà lorúkọ ọmọ mi."

Pásítọ̀ wo ojú ìyá ọkọ, ó wúkọ́. "Abéní Bínà," ló wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lórí freeway, bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lọ sílé, ọkọ rẹ̀ ní, "O dójú tì wá."

"Ta ni 'wa'?"

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kalẹ̀, ó ké láti ìsàlẹ̀ ilé: "Ìyá Abéní!"

Jasmine jókòó, ọmọ wà lọ́mú.

"Ìyá Abéní, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ó gbọ́. Kò mira.

"Jasmine!"

"Mà."