Òdòdó Tó Hù Sójú Oore Ráfíátù

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ọmọ ọmọ mi tó ń gbé ní Lẹ́kkí Phase 1 pè mí wá jẹun, n kò sì jẹ ẹ́. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ rẹ̀ ni òórùn kan gbà mí nímú, òórùn dídùn fẹ́ẹ́rẹ́ bíi pọ́ńdà ọmọ tuntun. Mo wo orí tábìlì, mo rí i nínú ìkòkò gíláàsì: igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Mo ní kó gbé ohun burúkú yẹn dànù. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Họ́wù, Màmá, ṣebí òdòdó lásán ni." Lásán! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jókòó kí n sọ fún yín.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àbàtà ló wà lẹ́yìn ilé wa l'Ajah, ó lọ títí dé etí ọ̀sà. Oore ló kún inú rẹ̀, koríko gíga tí àwọn ìyá wa fi ń hun ẹní. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà, gbogbo obìnrin ilé á ká aṣọ sókè, wọn á mú ọ̀bẹ wọ inú ẹrẹ̀ lọ, àwa ọmọdé á máa ru ìdì oore lọ síbi tí oòrùn ti ń mú. Bí oore bá ti ń gbẹ, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agboolé kan. Ẹni tó bá sì sùn lórí ẹní tuntun, ilà á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni tí olóòlà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Ilé wa ní àṣà kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, á ri ọ̀pá sínú àbàtà, wọn á ní ojú oore ọmọ yìí nìyí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti gé oore tí wọ́n á fi hun ẹní tó máa gbé lọ sílé ọkọ. Tèmi àti ti Ráfíátù, ọmọ àbúrò bàbá mi, kángun síra wọn, ẹgbẹ́ kan náà sì ni wá. Ìjà ààlà wa kì í tán. Ráfíátù á sún ọ̀pá tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, á wá dúró síbẹ̀, á máa kọrin bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ máa jà lọ, orí ilẹ̀ lásán lọkọ yín máa sùn."

Ibà ló pa Ráfíátù kí ó tó tó ẹni tí à ń hun ẹní fún. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá Ráfíátù di Ìyá Mùrí, orúkọ àbúrò rẹ̀ la fi ń pè wọ́n. Ojú oore rẹ̀ nìkan ló kù. Ìyá àgbà sì pàṣẹ pé ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn án, a kò gbọdọ̀ fa ohunkóhun tu níbẹ̀ láéláé.

Ẹ wá wo ayé. Àwọn olówó ra òdìkejì àbàtà, wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n mọ odi, wọ́n fi gáàdì sẹ́nu géètì. Koríko tiwa kò dára tó lójú wọn, ni wọ́n bá kó òdòdó yìí wá láti òkè òkun, wọ́n gbìn ín sídìí odi. Irúgbìn rẹ̀ kúnná ju èlùbọ́ lọ, atẹ́gùn ló ń gbé e kiri. Ojú oore Ráfíátù ló kọ́kọ́ bà sí lọ́dọ̀ wa. Igi rẹ̀ jọ oore, a kò fura títí ó fi tanná. Gbogbo ilé bá pariwo: "Ráfíátù ló rán òdòdó sí wa o!" Mo ní kí wọ́n tu ú. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ hú òkú ọmọ ni? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àṣà tiwa ló dáàbò bo olè, àwọn èèyàn mi sì tún ń bomi sí i! Ó gba ojú oore tèmi, ó gba ti àwọn ọmọ mi. Oore tó kù báyìí kò lè hun ẹní ìkókó. Inú ń bí mi, n kò ní purọ́.

Mo kúrò nílé ọmọ ọmọ mi lọ́jọ́ Àìkú náà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé, mo mú àdá. Ìyá Mùrí, tí wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, wà lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n kọjú sí òdòdó náà bí wọ́n ti ń ṣe nírọ̀lẹ́. Bí mo bá gé e, ṣé kì í ṣe pé mo tún gba ọmọ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì? Mo kúnlẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ má bínú, mo fẹ́ gé e."

Wọ́n wo àdá, wọ́n wò mí. "Adúmáadán, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Òdòdó àwọn tó wà lẹ́yìn odi ni. Ọmọ tèmi kọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò ní ká tu ú látọjọ́ yìí?"

"Kó tó hù, ta ló dárúkọ ọmọ mi fún mi rí? Ó tanná, gbogbo yín wá ń pe Ráfíátù, Ráfíátù. Ṣé kí n ní kí ẹ dákẹ́ ni?"

Ìbínú tí mo gbé bọ̀ fún àwọn olówó kò lọ, ṣùgbọ́n ó rí àwa náà bá wí.

"Gé e," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n máa pè é."

Mo ká aṣọ sókè, mo wọ ẹrẹ̀. Mo ń gé, mo ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo ń pariwo: "Ráfíátù olè ààlà! Ráfíátù, sún ọ̀pá ẹ kúrò lọ́dọ̀ mi!" Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lẹ́yìn mi, ẹkún wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé òdòdó náà máa padà. Atẹ́gùn ò ní sinmi, odi ò ní wó, yanrìn ò sì ní padà sókun. Èmi náà á máa padà wá lọ́dọọdún, níwọ̀n ìgbà tí àdá bá ṣì ń gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́. Oore díẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, tútù.

Nígbà tí mo jáde, ẹrẹ̀ bò mí dé itan. Mo ní, "Ìyá Ráfíátù, mo ti ṣe tán."

Wọ́n gbé orí sókè kíá. "Òo," ni wọ́n wí. "Èmi nìyí."