Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ká Nawọ́ Sókè ní Ìgàndò

Ọdún ìdìbò káńsù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí àwòrán àwọn tó ń dupò kún gbogbo ògiri Ìgàndò, tí kálukú wọn ń rẹ́rìn-ín sí wa bí ọkọ ìyàwó. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé orí fóònù ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín. Inú ẹgbẹ́ olùkọ́ ni irun mi ti funfun. Mo ti bá wọn ti ilé ẹ̀kọ́ pa, mo ti sùn lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ìjọba, ọlọ́pàá ti fín tajútajú sí wa lójú rí. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí mo ti dá wà tó ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ yìí, bẹ́ẹ̀ èrò pọ̀ níbẹ̀ bí omi.

Káyọ̀dé ni àbíkẹ́yìn mi. Òun nìkan ló kù pẹ̀lú mi nínú ilé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ínfátà àti sólà ló ń ṣe, ó ń gun òrùlé onílé kiri láti Ẹ̀gbẹ̀dá dé Ìkòtún, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ torí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, oníkẹ́míìsì fún un ní tíráma, oògùn tó ń pa ìrora. Ẹ̀yìn sàn, òun ò fi tíráma sílẹ̀. Ọtí inú ọ̀rá tẹ̀lé e. Nígbà tí èmi ìyá rẹ̀ máa fi mọ̀, kò lè gbé ife tíì dé ẹnu láàárọ̀ láìkọ́kọ́ mu ọtí, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú.

Mo bú u. Mo sunkún. Mo da ọtí rẹ̀ sí gọ́tà. Kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i. Àfìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tó wá jókòó tì mí nínú kíṣìnì, tó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ fi í sílẹ̀. N ò lè dá a ṣe. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń wò ó, kí ọkàn mi tó tún yí padà."

Ẹ gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ohun tó ń lé mi kiri nìyẹn. Ẹni tí nǹkan yìí bá mú, kì í ṣe ojoojúmọ́ ló máa ń sọ pé òun fẹ́ jáde.

A lọ sí ilé ìlera tó wà nítòsí wa. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kò ní ibà. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, a ò sọ pé ibà ni." Ó ní, "Mọ́mì, a kì í wo irú èyí níbí. Ẹ máa gbé e lọ sọ́hùn-ún." Mo ní, "Ọ̀hún wo?" Kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn ju ọwọ́ sí apá ọ̀nà Ìkòtún ṣá.

A lọ sí ilé àdúrà àwọn aláṣọ funfun kan lápá Bárúwà. Ìyá Ìjọ wọn, ènìyàn jẹ́jẹ́, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó tẹ́ ẹní fún ọmọ mi, ó fún un lómi àdúrà. Nígbà tí ara Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, àwọn wòlíì ní ẹ̀mí búburú ló ń jáde, kí wọ́n fi ààwẹ̀ kún un. Inú bí mi gan-an. Mo sọ fún Ìyá Ìjọ pé dókítà ló yẹ kó wà nídìí ọmọ yìí, ààwẹ̀ kọ́. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Mọ́mì Káyọ̀dé, èmi náà mọ̀. Ta ni kí n pè?" Mo mú ọmọ mi, a jáde níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì Èkó náà, a dé ibẹ̀, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ká máa lọ ná, ká padà wá. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀, Káyọ̀dé gbé orí lé fèrèsé títí a fi dé ilé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jà nìyẹn. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà, ohun tí ẹgbẹ́ olùkọ́ kọ́ mi nìyí. Mo ní káńsù gbọ́dọ̀ fún wa ní yàrá kan nínú ilé ìlera, kí wọ́n fi nọ́ọ̀sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí oògùn àti ọtí mú síbẹ̀. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò. Háà, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wá! Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyá Sọlá, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọrin nínú kúáyà láti ọjọ́ pípẹ́, ló kọ́kọ́ dé. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó tún un wé.

"Mo ń bá aládùúgbò mi kan bi í ni o," ó ní. "Ọmọ ọkùnrin rẹ̀ ni. Kì í jí mọ́ láàárọ̀. Ó ti ta bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀."

Sọlá ni. Mo mọ Sọlá, èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD. Mo ní, "Ẹ kí aládùúgbò yín fún mi. Ẹ sọ fún un kó má sunkún mọ́." Ó bú sẹ́kún níwájú mi.

Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Òmíràn ní ọmọ ayálégbé òun ni, òmíràn ní ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ní Dópẹ̀mú. N ò já wọn nírọ́. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo jù, ẹlòmíràn là ń dì í rù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń sọ lọ́kàn mi pé ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nígbà tá a máa kọ pátákó, èmi kọ "Ẹ Gba Àwọn Ọmọ Wa Là." Wọ́n ní ká yọ "wa" kúrò, ká kọ "Àwọn Ọ̀dọ́ Alímọ̀ṣọ́." Ó yẹ kí n ti fura.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dupò alága ń bọ̀ wá polongo ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí wa. A lọ. Àwa obìnrin pọ̀, pátákó wa ga. Káyọ̀dé tẹ̀lé mi torí pé mo ní kó wá bá wa so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ bátìrì. Mo sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀. Ọnọrébù gbọ́ mi tán, ó gba makirofóònù, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń mu nǹkan wọ̀nyí, ẹ nawọ́ sókè kí n rí yín."

Ẹnikẹ́ni ò mira. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àwọn tó sunkún nínú pálọ̀ mi, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìyá Sọlá dorí pátákó rẹ̀ kodò, ó ń tún gèlè ṣe. Mo fẹ́ nawọ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún Káyọ̀dé pé n ò ní fẹnu kan orúkọ rẹ̀ ní gbangba láé.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì wà. "Èmi ni, sà."

Káyọ̀dé ni. Ó nawọ́ sókè, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. "Ìyá mi kọ́ ló ní kí n sọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń mu ún. Mo fẹ́ jáwọ́, mo wá ibi tí wọ́n á ti ràn mí lọ́wọ́, n ò rí."

Ọnọrébù yíjú sí èrò. "Ẹnì kan ṣoṣo? Ẹ̀yin ará mi, ṣé torí ẹnì kan ṣoṣo la ó ṣe wá ya yàrá sọ́tọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tiwa náà rẹ́rìn-ín, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni mo na ọwọ́ tèmi, tí mo ké pé, "Ọmọ mi ni! Èmi tí mo bí i nìyí!" Èmi àti òun nìkan la na ọwọ́ nínú gbogbo pápá yẹn. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ojú ti Ọnọrébù díẹ̀, ó ní bí òun bá wọlé, òun á ṣe é.

Ó wọlé. Ó sì ṣe é, ká sòótọ́. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìlera báyìí, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń wá síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó sì mọ ibi tó ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí fún ẹni tí tiẹ̀ bá le. Àwọn ìyá bẹ ìjọba kí wọ́n má kọ nǹkan kan sára ilẹ̀kùn. Ó máa ń kún. Mo ń kọjá níbẹ̀, mò ń rí wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò pe Káyọ̀dé mọ́. "Ẹ má bínú, Mọ́mì, ọkọ mi ni kò fẹ́." Ta ló máa jẹ́ kí ọ̀mùtí gun òrùlé òun? Àwọn ọmọ ìdí ọkọ̀ á máa kí i pé, "Èmi ni, sà!" wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ ló bá wa rí ilé ìtọ́jú kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú kó tó di pé a pàdánù rẹ̀ pátápátá. Ó lọ, ó jìyà, ó jáwọ́. Ọlọ́run ṣeun. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ ti mọ́ lórí fóònù. Mo ní kó máa bọ̀ nílé, yàrá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n wà níhìn-ín. Níhìn-ín, Káyọ̀dé lásán ni mí."

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá a ṣẹ́gun, màá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Yàrá wà níbi tí kò ti sí yàrá, ọmọ mi sì wà láàyè. Ohun tí mo pàdánù ni ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn mi nírọ̀lẹ́. Oúnjẹ ẹnì kan ṣòro láti sè, ẹ gbà mí gbọ́, ìkòkò ò mọ bó ṣe yẹ kó kéré.

Gbèsè ọpẹ́ tí wọ́n jẹ Káyọ̀dé ńkọ́? Ní àìpẹ́ yìí, Ìyá Sọlá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Yàrá yẹn ni Sọlá ń lọ, ara rẹ̀ ti yá, ó ti sanra. Àlùfáà wa bèèrè ohun tí Olúwa ṣe. Ìyá Sọlá ní Ọlọ́run wo ọmọ òun sàn lọ́wọ́ ibà. A jọ jó lọ síwájú pẹpẹ, èmi náà jó, kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí a ṣe ń padà sí àyè wa, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí, ó sọ sí mi létí pé, "Mọ́mì Káyọ̀dé, ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun."

Mo ní, "Èmi kọ́ lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ní nọ́ńbà Káyọ̀dé. Ẹ pè é."

Ó ní òun á pè é lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi Káyọ̀dé lánàá. Kò tíì pè é.